Ìtàn Ìgbésí Ayé Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹtì

Ìhìnrere tí a ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ nínú ìjọ yìí kò ti ojú sánmà já bọ́ sí àárín wa. Ọ̀nà ni ó gbà wá, ọ̀nà náà kò sì ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ti Oǹdó wá. Èkejì ti Ìbàdàn wá, lórí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ tí Ọlọ́run sì mú padà bọ̀ wálé. Bí a bá tọ ọ̀nà méjèèjì yìí lọ sí orísun wọn, a ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan náà, ilé amọ̀ kan ní Kúdẹtì ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò bímọ ti jókòó láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ, tí abẹ́rẹ́ àti òwú wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà ni Anna Hinderer. Kò tẹ ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ rí. Kò dé Ìsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Èmùré. Síbẹ̀ a rò pé ó yẹ kí ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé ìrántí yìí, nítorí pé ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn oníwàásù ni a sábà máa ń kọ, a sì máa ń gbàgbé àwọn tí ó wẹ ọmọ, tí ó bọ́ ọmọ, tí ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ kí ó tó lè jókòó gbọ́ ìwàásù. Àwọn ìyá ìjọ wa tí ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ìkókó ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ilé ìgbẹ̀bí láìbéèrè owó, yóò rí i nínú ìtàn yìí pé iṣẹ́ wọn ní baba ńlá, tàbí kí a kúkú wí pé ó ní ìyá ńlá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1827 ni a bí i, ní abúlé Hempnall ní ìpínlẹ̀ Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹni tí ó bá ti di aláìníyàá ní kékeré mọ ohun tí èyí jẹ́. A kò ní láti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣe àlàyé rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Lowestoft, ìlú àwọn apẹja ní etí òkun, láti máa gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ó ti mọ àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀, Richenda, tọkọtaya tí wọ́n wá di bí òbí fún un. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méjìlá, ó tọ Ìyáàfin Cunningham lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé kí a jẹ́ kí òun ní kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a sì gbà fún un. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń kó àwọn ọmọ tálákà jọ, àwọn tí aṣọ wọn ti fà ya tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń tì wọ́n láti wọ inú ilé Ọlọ́run.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ilé tí ó kọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ilé náà kò lè mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Richenda Cunningham jẹ́ ọmọ ìdílé Gurney, ìdílé ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń gbé ní Earlham ní ẹ̀bá ìlú Norwich. Àbúrò ni ó jẹ́ sí Elizabeth Fry, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1813, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Grellet, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí ohun tí ó dà á láàmú gidigidi. Àwọn obìnrin kún inú ẹ̀wọ̀n náà bí ìṣù inú àká. Àwọn mìíràn ti bímọ sí ibẹ̀, àwọn ìkókó náà sì wà nínú òtútù láìní aṣọ tí ó tó láti bo ìhòòhò wọn. Ó tọ Elizabeth Fry lọ, ó ròyìn ohun tí ó rí. Ìyáàfin náà kò pe ìpàdé ìgbìmọ̀, kò sì kọ ìwé sí ìjọba. Ó ra aṣọ olówùú tí ó móoru, ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin ojúlùmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jókòó ran aṣọ ìkókó. Lẹ́yìn èyí ni òun àti Anna Buxton gbé àwọn aṣọ náà wọ inú ẹ̀wọ̀n lọ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn wọ̀ wọ́n fún àwọn ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí. Gbogbo iṣẹ́ ńlá tí Elizabeth Fry ṣe lẹ́yìnwá, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1817 láti kọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé, ní aṣọ rírán àti aṣọ híhun, àti òfin tí a yí padà nípa ẹ̀wọ̀n, aṣọ ìkókó ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn oníròyìn a máa ka èyí sí ohun kékeré tí ó ṣáájú ohun ńlá. Ní tiwa, a kò gbà pé ó kéré.

Arábìnrin mìíràn nínú ìdílé kan náà ni ó fẹ́ Thomas Fowell Buxton, ẹni tí ó ṣe aṣíwájú nínú ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí a fi sọ àwọn ẹrú di òmìnira ní àwọn ilẹ̀ ọba náà, tí ó sì wà lẹ́yìn ìrìn àjò odò Ọya ti ọdún 1841, èyí tí Samuel Ajayi Crowther bá wọn lọ. Nítorí náà nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin Anna ń jókòó ní ilé àlùfáà Lowestoft, ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ aláìláṣọ àti ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Kò yà wá lẹ́nu pé láti kékeré ni ó ti ń fẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ọdún 1852, David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. ti rán sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1849, wà ní ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí ti wọ Ìbàdàn ní 1851, ó ti bá àwọn olóyè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà kí ó wá bá àwọn gbé. Òun àti Anna ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n wọ ọkọ̀ ní oṣù kejìlá, wọ́n sì dé Èkó ní oṣù kìíní 1853. Ibà kì í ṣe ojúsàájú; ó dá aya tuntun náà dùbúlẹ̀ kí ó tó rí ibi tí ó ń lọ. Ní ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n tó wọ Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn tú jáde láti wo obìnrin òyìnbó, ohun tí ojú wọn kò rí rí, ariwo sì gba ìlú kan. Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kò fẹ̀ rárá, yàrá gígùn tóóró tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ilé onílé gbogbo ti rí nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé àti ilé ìsìn sí orí òkè Kúdẹtì.

Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe Ìbàdàn tí àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé ní yunifásítì. Ìlú ogun ni. Iṣẹ́ àwọn olórí rẹ̀ ni kí wọ́n máa jáde lọ sí ogun, pàápàá sí apá ìlà-oòrùn, sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwa Èkìtì, kí wọ́n sì máa kó ẹrú bọ̀. Àwọn bàbá àgbà wa mọ orúkọ Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, nítorí ohun tí ojú wọn rí. Nínú àwọn tí a kó wọ Ìbàdàn ní àwọn ọdún náà, ọmọ kékeré pọ̀ níbẹ̀, tí a ti gbà kúrò lẹ́yìn ìyá wọn, tí a sì tà ní ọjà bí ẹni ń ta adìẹ.

Ní ìlú tí ó rí báyìí ni Ìyáàfin Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọ. Kò rọrùn. Àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo, kò ní lè lọ sí ogun mọ́. Pé ọmọ tí òyìnbó bá tọ́ kò ní bọ òrìṣà ìdílé, kò sì ní sin òbí rẹ̀ bí ó ti yẹ. A kò lè bú wọn fún ìbẹ̀rù yìí, nítorí pé ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni ó ṣẹlẹ̀ lápá kan. Síbẹ̀ àwọn olóyè díẹ̀ gbà. Nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Yéjídé àti ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Akielle, àwọn méjèèjì kéré gidigidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin Daniel Olubi, ọmọ Abẹ́òkúta, wà pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ inú ilé. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn ń wá: ọmọ olóyè, ọmọ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, ọmọ tí ogun sọ di aláìlẹ́nìkan, ọmọ tí a fi owó rà padà kúrò ní oko ẹrú. Gbogbo wọn, àti ìlú pẹ̀lú wọn, pè é ní Ìyá.

Ọlọ́run kò fún òun àti ọkọ rẹ̀ ní ọmọ inú ara wọn. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yin olùkàwé mọ irú ojú tí a fi ń wo obìnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin Ìbàdàn kò sì lè ṣàì ṣe àkíyèsí pé obìnrin yìí, tí kò ní ọmọ kan, kò sùn ní òru ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ yí ibùsùn rẹ̀ ká.

Nísinsìnyí a ó sọ nípa àwọn àpótí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ó jẹ́ àṣà àwọn obìnrin ìjọ láti pé jọ ní ilé ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnìkan máa ka ìwé ìròyìn iṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ òkèèrè sókè, kí àwọn yòókù sì máa rán, kí wọ́n máa hun. Orúkọ Dọ́káàsì ará Jópà, obìnrin inú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì tí ń rán aṣọ fún àwọn opó, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìyáàfin Hinderer ní Lowestoft ati ní ibòmíràn a máa kó ẹ̀wù kékeré, aṣọ òkè, àti irú ohun bẹ́ẹ̀ jọ, wọn a kàn án mọ́ inú àpótí, wọn a sì fi ọkọ̀ ojú omi rán an sí Èkó. Láti Èkó, orí àwọn aláàárù ni ó ń gbà dé Ìbàdàn. Ọjọ́ tí a bá ṣí àpótí, ọjọ́ àjọ̀dún ni fún ilé Kúdẹtì.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń ti òkèèrè wá ni ó bá ilẹ̀ wa mu. A ti rí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ní ayé tiwa náà: aṣọ nínípọn tí a rán fún ilẹ̀ yìnyín, tí ẹni tí ó rán an kò ronú oòrùn ọ̀sán wa rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní oṣù ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Olósùnta àti Òròlé, kò ní fi ẹ̀wù irun àgùntàn ṣẹ̀sín. Àwọn oníṣègùn òde òní sì ń kọ́ wa pé ìkókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bí àgbàlagbà. Pé orí rẹ̀, tí ó tóbi ju bí ara rẹ̀ ti rí lọ, ni ooru fi ń jáde jù. Pé àyà ìyá rẹ̀ ni ibi tí ó dára jù lọ láti gbé e sí, kí fìlà sì wà ní orí rẹ̀. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ka ìwé èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Wọ́n fi àdín àti osùn pa ọmọ lára, wọ́n wé e mọ́ inú aṣọ àgbà tí ó ti rọ̀, wọ́n sì fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ooru ara ìyá ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kíjìpá tí àwọn obìnrin Èkìtì ń hun lórí òfì ìnàró, bí ó bá ti gbó tó, kò sí aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tí ó rọ̀ jù ú lọ.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń wí pé àwọn bàbá wa kò mọ aṣọ kí òyìnbó tó dé. Ọmọ kékeré a máa rìn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí nìkan, kò sì sí ẹni tí ó ka èyí sí òṣì. Àwọn kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kàwé tilẹ̀ ń sọ pé aṣọ ni àwọn míṣọ́nnárì fi ra ọkàn àwọn ọmọ, àti pé ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ wa láti kẹ́gàn ti ara wa. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é gbé sọnù; òtítọ́ wà nínú rẹ̀, a sì ti rí ẹni tí ó rò pé kọ́là àti bàtà ni ìgbàlà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúdẹtì yàtọ̀. Ọmọ tí a kó ní ogun, tí a ti tà lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìlẹ̀kẹ̀, kò ní ọ̀já, kò ní kíjìpá ìyá rẹ̀. Fún irú rẹ̀, ẹ̀wù tí a rán ní ìwọ̀n ara rẹ̀ ń sọ pé ẹnìkan ti ronú nípa òun kí òun tó dé.

Kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ parí sí inú àpótí. Ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní rírán. Ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, ọkùnrin ni ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ; obìnrin ni ń ran òwú, tí ń pa á láró, tí ó sì ń hun kíjìpá. Èyí jẹ́ ìyàlẹ́nu fún obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ní ilé tirẹ̀ ọmọbìnrin ni a ń fi abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ní Kúdẹtì, àti ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n jókòó ti abẹ́rẹ́, lẹ́yìn ìwé kíkà àti orin kíkọ sí dùùrù kékeré tí Ìyá mú wá láti ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́kọ́ wọ̀ láṣọ wá di ẹni tí ń rán aṣọ fún èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn kan wà láti ilé yìí tí a kò lè fò kọjá. Ọmọbìnrin kékeré kan, Ogunyomi ni orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí ogun kó tí a sì rà padà, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, bí ó wà láàyè tàbí ó ti kú. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ó jáde nínú ìlú, obìnrin ẹrú kan rí i, ó dúró, ó wò ó, ó sì ké orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ìlú kan náà ni wọ́n ti ń gbé láìmọ̀. Ẹkún tí ìyá àti ọmọ sun ní ọjọ́ náà, àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò gbàgbé. Lẹ́yìn èyí a ra ìyá náà padà pẹ̀lú, kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè jọ máa gbé. Ẹ wo bí yóò ti rí lójú ìyá náà: ọmọ tí wọ́n já gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ogun ni ó rí nínú aṣọ mímọ́, tí a ti tọ́jú, tí a ti fi epo sí lára.

Ní 1856 àìsàn lé wọn padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1858. Ní àsìkò yìí ni Henry Johnson mú ìdílé rẹ̀ wá bá wọn ṣiṣẹ́ láti Sàró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé ní Kúdẹtì ni Samuel, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, tí ó parí rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Iṣẹ́ ń gbilẹ̀; ilé ìsìn mìíràn ń dìde ní Ògùnpa àti Arẹ̀mọ.

Lẹ́yìn náà ni ogun Ìjàyè dé. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba, Ìbàdàn sì gbé ogun tì í ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú náà sì dí ọ̀nà. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ṣí. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, kò sí ohun tí ó lè ti Èkó dé Kúdẹtì bí kò ṣe nípa ìfarapamọ́: kò sí owó ẹyọ, kò sí oògùn, kò sí ìyẹ̀fun, kò sì sí àpótí aṣọ.

A rò pé ibi yìí ni a ti mọ irú ènìyàn tí Anna Hinderer jẹ́. Ó rọrùn láti jẹ́ ìyá nígbà tí àpótí ń dé. Ilé náà kún fún ọmọ, wọn kò sì lé ọ̀kan jáde. Wọ́n ń ta ohun èlò ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ra oúnjẹ. Ẹ̀wà tí a fi epo àti ata díẹ̀ sè ni ó ń jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀, a sì ń ṣọ́ ọ jẹ kí ó lè kárí. Àwọn obìnrin aládùúgbò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ní. Aṣọ tí ó gbó ni a ń tú, tí a ń lẹ̀, tí a tún ń rán fún ẹni tí ó kéré sí ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò le rí láti ìbẹ̀rẹ̀ gbẹ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Edward Roper, míṣọ́nnárì tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú ní Ìjàyè, wá di ẹnìkan tí wọ́n tún jọ ń pín oúnjẹ náà.

Ní 1865 gómìnà Glover ní Èkó pinnu láti yọ wọ́n. Ó rán Kápútẹ́ẹ̀nì Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀, wọ́n sì la inú igbó wá ní ọ̀nà tí àwọn ọ̀tá kò mọ̀. Ní òru ni wọ́n dé Kúdẹtì, wọn kò sì lè dúró pẹ́. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni a fún Ìyá láti dágbére fún àwọn ọmọ tí ó ti tọ́ fún ọdún méjìlá. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ ní òru ọjọ́ náà, nítorí pé kò fẹ́ fi agbo sílẹ̀ lójijì. A gbé e lé orí ibùsùn tí àwọn ọkùnrin ń gbé ní èjìká, wọ́n sì rìn láìsinmi títí wọ́n fi dé Èkó.

Ẹlòmíràn ìbá wí pé ó tó. Ó tún padà wá ní 1866. Ó bá àwọn ọmọ tí ó ti di ọkọ àti aya, ó sì gbé ọmọ wọn lé ọwọ́. Àwọn ọwọ́ tí ó kọ́ ní rírán ni wọ́n ń rán aṣọ ìkókó nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán, ní oṣù kìíní 1869 ni òun àti ọkọ rẹ̀ sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Ó kú ní Martham ní Norfolk, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Títí dé òpin, àwọn ọmọ àgbègbè náà ni ó ń kó jọ sọ́dọ̀. Ní 1872 a tẹ àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ilé Kúdẹtì ti wá.

Ó ku ohun tí ó kàn wá ní tààrà. Lẹ́yìn ikú aya rẹ̀, David Hinderer kò lè jókòó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà wá ní nǹkan bí 1875, kò sì gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Ọ̀nà ìlà-oòrùn ni ó tọ̀, láti Lẹ́kì sí Oǹdó, ó sì fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ kí àìsàn tó lé e padà. Ní 1890 ni òun náà kú. Charles Phillips ni ó gba iṣẹ́ Oǹdó ṣe, tí a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti ń gòkè wá sí àwọn ìlú wa. Ní ọdún 1893 kan náà ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì túká, tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà ní oko ẹrú sì ń rọ́ padà wálé. Láàárín wọn ni àwọn tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ìgbèkùn wà, bí Babamuboni ti Adó, tí ó mú un wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí àlùfáà tó dé.

Ní ti àwọn ọmọ Kúdẹtì, Akielle kékeré dàgbà, ó di àlùfáà. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un, Francis Lowestoft ni orúkọ tí a fún un, Francis nítorí àlùfáà Cunningham, Lowestoft nítorí ìlú tí àwọn àpótí ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ìlú àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ orúkọ ọmọ Yorùbá, tí a sì ń pè é lórí àga ìwàásù. Daniel Olubi, ìránṣẹ́ inú ilé ọjọ́ kìíní, ni ó gba ìjọ Ìbàdàn mọ́ra lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ, ó sì gbé ní Kúdẹtì títí ó fi di arúgbó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin dìde níbẹ̀ ní 1899, a sì ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìwé. Olubi wà láàyè láti rí i. Ní 1912 ni ó tó sùn.